Gíláàsì Búlúù Lẹ́sẹ̀ Pẹpẹ

Ara aṣọ funfun ni Bùsúyì ti kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin náà. Ó gbé táìsì gíláàsì kan sókè sí oòrùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò ó bóyá ó sán, ni ìmọ́lẹ̀ bá gba inú gíláàsì náà kọjá, ó di búlúù, ó sì lọ bà lé àyà ẹnìkan tó ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Aṣọ àdúrà tó funfun láúláú ló wọ̀, ó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀. Kò wọ bàtà. Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo àyà ara rẹ̀, ó wo ọkùnrin tó fi orúnkún kan kúnlẹ̀ lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ó sì dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú aró yín kúrò lára aṣọ mi. Àárọ̀ yìí ni mo fọ̀ ọ́."

Bùsúyì yí táìsì náà díẹ̀. Búlúù náà kúrò láyà, ó gun èjìká, ó wá dúró sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Aró yìí kì í ràn mọ́ aṣọ," ni Bùsúyì wí.

Ọmọbìnrin náà fi ìgbálẹ̀ júwe àwọn òkúta funfun tí wọ́n tò yí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ká. "Ẹ wo ẹsẹ̀ yín."

Bùsúyì wò ó. Ẹsẹ̀ kan rẹ̀ ti kọjá òkúta, bàtà iṣẹ́ ńlá tí sìmẹ́ńtì ti gbẹ mọ́ lára, ó fẹjú sórí ilẹ̀ mímọ́ bí ewúrẹ́ tó wọ ọgbà ẹ̀fọ́. Ó fà á padà bí ẹni tó tẹ iná. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fi ìgbálẹ̀ bo ẹnu, ó sì wọlé lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ara Bùsúyì kò ti balẹ̀ mọ́. Ká má purọ́, ara rẹ̀ kò balẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n àìbalẹ̀ ti tẹ́lẹ̀, ọ̀nà ló ń fà á sí. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ibì kan ṣoṣo ló ń fà á sí.

Ìjọ Aládùúrà kan ni, ní Atíkòrí, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìkórè ọdún náà ń bọ̀, wọ́n sì fẹ́ kí ògiri ẹ̀yìn pẹpẹ jẹ́ gíláàsì láti ilẹ̀ dókè, búlúù bí ojú ọ̀run, kí ìràwọ̀ aláwọ̀ ìyeyè kan sì wà láàárín. Oníṣẹ́ kan ti kọ́kọ́ bà á jẹ́. Táìsì ilẹ̀ yàrá ni ọkùnrin yẹn mọ̀. Sìmẹ́ńtì lásán tí wọ́n fi ń kọ́lé ló fi lẹ gíláàsì, nígbà tó sì fi máa gbẹ, ògiri pẹpẹ ti rí bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò. Gíláàsì kì í bo nǹkan mọ́lẹ̀. Sìmẹ́ńtì funfun ló ń fẹ́, ẹni tó ń tẹ́ ẹ sì gbọ́dọ̀ pa ojú rẹ̀ dán, nítorí ilà kékeré tó bá fi sílẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì, gbogbo ayé ló máa rí i. Bó bá lẹ̀ ẹ́ tán, kó fi í sílẹ̀ kó gbẹ kó tó dí àlàfo rẹ̀. Dídúró yẹn ni Bùsúyì kórìíra jù nínú iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ yàn.

Alàgbà Adéníran ló pè é wá láti Ìjẹ̀bú-Òde. Bàbá gbígbẹ kan ni, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, òun sì ni alága ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́. Ó ka òfin fún un lẹ́nu ọ̀nà: kò sí bàtà nínú ilé yìí, ì báà ṣe ti oníṣẹ́, ì báà ṣe ti ọba. Bùsúyì ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun kò ní gé gíláàsì kankan nínú ilé. Lóde, lẹ́yìn òkúta funfun, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ni òun ó ti máa gé e, kí èérún gíláàsì má bàa wọ ibi tí ẹsẹ̀ gbogbo ìjọ ń tẹ̀. Inú Alàgbà dùn pé oníṣẹ́ náà ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ṣe tán, bàbá náà ní ìtọ̀ ṣúgà. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ rìn láìwọ bàtà níbikíbi, ó sì ń gbọ́ràn nílé. Ṣùgbọ́n ó ní ilẹ̀ Ọlọ́run kò lè ṣe òun níbi.

Ọmọbìnrin onígbàálẹ̀ yẹn ni Ìbíyẹmí, ọmọ Alàgbà. Ìyá rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló kù lọ́dọ̀ bàbá. Aṣọ àdúrà ló ń rán ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ojówó, òun náà sì ni olórí àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ ilé àdúrà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní iṣẹ́, Bùsúyì bi í bóyá ẹ̀bà lè wà nítòsí. Àánú ṣe Ìbíyẹmí. Ó lọ sílé, ó fi gààrí Ìjẹ̀bú tẹ ẹ̀bà, ó bu ọbẹ̀ ẹja sí àwo, ó gbé e wá. Bùsúyì dúpẹ́. Ó gbé ọbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mú ẹ̀bà, ó pò ó lọ́wọ́ títí ó fi le bí amọ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, láti ìdí pẹpẹ lọ sí ẹnu ọ̀nà.

Ìbíyẹmí wò ó títí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀bà mi kò dùn ni?"

Bùsúyì gbé ẹ̀bà náà wá síbi irin ìdènà pẹpẹ, tí obìnrin kì í kọjá, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Nǹkan ń tàn yẹ́ríyẹ́rí lára rẹ̀, wínníwínní bí iyọ̀.

"Eruku gíláàsì ni. Ara aṣọ mi ló bá wọlé. Ìgbálẹ̀ kì í rí i, ojú kì í rí i. Ẹsẹ̀ nìkan ló máa ń rí i."

Láti ọjọ́ náà, àkàṣù ẹ̀bà méjì ni Ìbíyẹmí ń gbé kọjá irin ìdènà nírọ̀lẹ́. Ọ̀kan le, ọ̀kan rọ̀. "Ti ilẹ̀ rèé, ti ikùn rèé," ni yóò wí. "Ọ̀gá Táìsì, ẹ má fi ti ikùn nulẹ̀ o. Mo fara balẹ̀ tẹ ìyẹn." Bùsúyì á ní ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yìí ń jẹun ju òun lọ. Ìbíyẹmí á ní ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kì í fajú ro bíi ti Bùsúyì. Àwọn obìnrin tó ń bá a gbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹ̀bà náà ní ẹ̀bà àfẹ́sọ́nà, ó sì ń bínú sí wọn, ìbínú tí kò dé ojú.

Yàrá kékeré tí wọ́n ń kó àga sí ni Bùsúyì ń sùn, lórí àpò sìmẹ́ńtì. Ìbíyẹmí ṣàkíyèsí pé kò tú àpò aṣọ rẹ̀ rí. Bó bá fẹ́ mú ẹ̀wù, á fa á yọ láti inú àpò, á sì tún so ẹnu rẹ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bi í léèrè.

"Bàbá mi tú ẹrù tirẹ̀," ni Bùsúyì wí.

Ó wá sọ ọ́ fún un. Ìwópin ni bàbá rẹ̀ lọ, nítorí ilé iṣẹ́ bébà tó wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ní sùúrù. Bàbá rẹ̀ ní sùúrù. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ iṣẹ́ kakí rẹ̀, á sì fi í kọ́ ìṣó. Ìyá rẹ̀, Ìbíkẹ́, ní kí àwọn kó lọ sí Ẹ̀pẹ́ kí òun máa ta ẹja. Bàbá ní ẹ̀rọ yóò yí ní oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n mu gààrí láìsí ṣúgà. Lẹ́yìn náà wọ́n mu ún láìsí ẹ̀pà. Lẹ́yìn náà wọ́n ń mu ún nírọ̀lẹ́ nìkan. Aṣọ kakí náà ṣì wà lórí ìṣó, ilà áyọ́ọ̀nù ṣì mú lápá rẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n gbé bàbá jáde nínú ilé. Bùsúyì dúró níwájú ìṣó yẹn, ó sì búra pé òun kò ní dúró de ohunkóhun láyé.

Ìbíyẹmí súnmọ́ ìdènà. Ó na ọwọ́ kọjá irin ìdènà, ó yọ sìmẹ́ńtì funfun tó gbẹ mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Sìmẹ́ńtì yìí ti sọ ọ́ di arúgbó," ó ní. Ìgbà àkọ́kọ́ tí kò pè é ní "ẹ" nìyẹn.

"Bí mo bá darúgbó, ṣé wàá wà níbẹ̀?"

"Ẹni tí kì í dúró, ibo ló ti fẹ́ darúgbó?"

Bùsúyì kò sùn dáadáa. Ìbéèrè náà ń yí pẹ̀lú rẹ̀ lórí àpò sìmẹ́ńtì.

Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó ránṣẹ́ sí Ìwópin, kí ìyá rẹ̀ àti àgbà kan bá a wá sọ ọ̀rọ̀ náà. Kò ní sùúrù ìyẹn. Ìràwọ̀ ìyeyè ti wà lára ògiri, iṣẹ́ ti ń lọ sópin, onílé kan ní Àgọ́-Ìwòyè sì ti ń pè é pé kó wá lẹ gíláàsì sí ilé ìwẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa lò, kí wọ́n tó wọlé. Ó fọ ojú, ó lọ sílé Alàgbà ní òun nìkan, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì sọ pé òun fẹ́ fẹ́ Ìbíyẹmí.

Alàgbà kò tètè ní kó dìde. "Ta ló rán ọ wá?"

"Èmi ni mo rán ara mi, sà."

"Bí ọmọ mi bá wà lọ́dọ̀ rẹ, tí ilẹ̀ mọ́ tí mo fẹ́ rí i, ibo ni mo máa wá?"

"Ẹ ní nọ́ńbà fóònù mi, sà."

"Ilé ni mo béèrè. N kò béèrè fóònù."

Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára, kò sí ẹni tó lè bù ú kù. Kó parí ògiri, kó máa lọ ní àlàáfíà.

Bùsúyì gba ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ lọ tààrà. Ó ní kí Ìbíyẹmí di ẹrù, kí àwọn lọ sí Àgọ́-Ìwòyè lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Bí àwọn bá ti wà níbẹ̀, bàbá á gbà bó pẹ́ bó yá. Ìbíyẹmí dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun láyè. Bàbá òun kì í gba nǹkan lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rọra, á rọ̀.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sọ fún bàbá mi," ni Bùsúyì wí.

Ojú Ìbíyẹmí yí padà. "Ṣé èmi ni ilé iṣẹ́ bébà?"

Ìbíyẹmí tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń rán aṣọ lọ, kò gbójú sókè mọ́ títí Bùsúyì fi jáde.

Lọ́jọ́ Sátidé, òjò dé. Ìlà ìsàlẹ̀ nìkan ló kù, lẹ́sẹ̀ pẹpẹ, níbi tí táìsì odindi kò ti gbà, àfi kí wọ́n gé e pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́. Abẹ́ igi àgbálùmọ̀ ti di ẹrẹ̀. Onílé Àgọ́-Ìwòyè pè, ó tún pè. Bùsúyì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo òjò, ó ń wo ọ̀nà tí ẹ̀bà máa ń gbà wá. Kò sí ẹnìkan lójú ọ̀nà náà.

Ó tẹ́ àpò sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ pẹpẹ, ó sì gé gíláàsì nínú ilé.

Irin kékeré tó rí bíi táyà ni wọ́n fi ń fa ilà sí gíláàsì, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n tó fi ẹ̀mú ṣẹ́ ẹ. Bí ọwọ́ bá balẹ̀, ó máa ń ya bí bisikíìtì. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ ni pé kò gbọ́dọ̀ fa ilà lẹ́ẹ̀mejì lójú kan náà. Lọ́jọ́ náà ó fà á lẹ́ẹ̀mejì. Gíláàsì fọ́ yángá-yángá, ó ta kọjá etí àpò. Ó mú òmíràn, ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́. Ó gbálẹ̀. Ó tún un gbá. Ó wo ilẹ̀, ilẹ̀ mọ́ lójú. Gààrí tó lè fi tẹ ẹ̀bà fún ilẹ̀ wà ní ìkóríta, kò jìnnà. Ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó so ẹnu àpò rẹ̀, ó gun ọ̀kadà nínú òjò, ó lọ.

Ní Àgọ́-Ìwòyè, ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó pe Ìbíyẹmí, Ìbíyẹmí kò gbé e. Ó ń fi fóònù sí àpò, ó ń yọ ọ́. Bí ilé ìwẹ̀ kan bá tán, á rò pé ara òun máa balẹ̀, kò balẹ̀. Nígbà tó rí i pé a kì í fi ipá mú èèyàn gbé fóònù, ó gba iṣẹ́ kan ní Abẹ́òkúta, ó ní ibẹ̀ jìnnà dáadáa.

Ó lọ ra sìmẹ́ńtì funfun ní Òrù. Ẹni tó ń tà á, Zechariah, ọmọ ìjọ Atíkòrí ni. Bó ṣe ń gbé àpò sìmẹ́ńtì fún un ló ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ìròyìn tí gbogbo ayé ti gbọ́: Alàgbà Adéníran tẹ nǹkan lẹ́sẹ̀ pẹpẹ lọ́jọ́ Àìkú, bó ṣe ń gbé àbẹ́là wọlé. Ẹsẹ̀ ti wú. Ìtọ̀ ṣúgà kò sì jẹ́ kí egbò náà san. Wọ́n ń gbé e lọ gbé e bọ̀ lọ́sibítù.

"Wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ni kò gbálẹ̀ dáadáa," ni Zechariah wí. "Wọ́n ti gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ló ń jókòó báyìí, pẹ̀lú àwọn àlejò."

Bùsúyì sanwó, ó gbé sìmẹ́ńtì, ó tún gbé e sílẹ̀. Ọkọ̀ Abẹ́òkúta ń pe èrò lódìkejì títì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ọ̀nà ọkọ̀ yẹn dáadáa. Ọ̀nà yẹn ló ń tọ̀ láti kékeré. Ó dúró lójú kan náà títí agbèrò fi bi í léèrè bóyá ó ń lọ. Ó ní rárá. Ó pe ọ̀kadà, ó ní kó gbé òun lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ìbíyẹmí wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, aṣọ funfun wà lórí itan rẹ̀, kò rán an. Nígbà tó rí Bùsúyì, kò kí i, kò lé e. Ó wọlé, ó mú páálí ìṣáná kan jáde, ó ṣí i. Òwú ló wà nínú rẹ̀, èérún gíláàsì kan sì wà lórí òwú, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ojú, búlúù.

"Èmi ni mo yọ ọ́," ó ní.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún wọn?"

"Kí n sọ pé kí ni? Mo mọ ohun tí ẹ̀bà wà fún. Mo jókòó sílé lọ́jọ́ yẹn, mo ń bínú, gààrí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

"Kì í ṣe ẹ̀bà ló gé gíláàsì nínú ilé, Ìbíyẹmí."

Omijé wá sójú rẹ̀ nígbà náà. Bùsúyì na ọwọ́, ó gba páálí ìṣáná náà, ó sì wọlé tọ bàbá lọ.

Alàgbà jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí àpótí, wọ́n fi aṣọ funfun dì í. Bùsúyì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó sọ gbogbo rẹ̀: òjò, ìlà tó fà lẹ́ẹ̀mejì, gààrí tó wà ní ìkóríta. Kò dárúkọ ìjà òun àti Ìbíyẹmí. Ó gbé páálí ìṣáná sílẹ̀ lẹ́bàá àpótí.

Alàgbà wo páálí náà. "Ta ló mú ọ padà wá? Ó yẹ kí o ti lọ jìnnà."

"Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi wá, sà."

"Ẹsẹ̀ tìrẹ gbé ọ wá," ni bàbá wí jẹ́jẹ́. "Tèmi kò gbé mi mọ́."

Ó fi Ìjẹ̀bú sọ ìyókù, bó ṣe máa ń ṣe bí nǹkan bá dùn ún, ohùn rẹ̀ kò sì ga. Ó ní kí Bùsúyì jáde. Bùsúyì jáde, ṣùgbọ́n kò kọjá àtẹ̀gùn. Ilẹ̀ mọ́ bá a níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé bàbá lọ sí ọsibítù, kẹ̀kẹ́ Márúwá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, Bùsúyì ti tẹ́ ìrọ̀rí sí ibi ẹsẹ̀. Alàgbà wo kẹ̀kẹ́, ó wo ìrọ̀rí. Ó na apá kí Bùsúyì gbé òun.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Bùsúyì bọ́ bàtà lẹ́yìn òkúta funfun, ó wọlé, ó dúró níwájú ìjọ, ó sì jẹ́wọ́ pé òun ni. Àwọn kan kùn. Ìyá àgbà kan nínú àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ dìde, ó rìn lọ sẹ́yìn, ó sì fi ìgbálẹ̀ lé Ìbíyẹmí lọ́wọ́.

Bùsúyì fi iṣẹ́ Abẹ́òkúta sílẹ̀. Ó gba yàrá kan ní Ojówó, ó tú àpò rẹ̀, ó kan ìṣó mọ́ ògiri. Ó pẹ́ níwájú ìṣó náà kó tó lè fi ẹ̀wù kọ́ ọ. Iṣẹ́ kéékèèké ló ń ṣe láàárín ìlú, bó bá sì di ọjọ́ tí wọ́n ń fọ egbò, á gbé bàbá lọ, á sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù.

Iṣẹ́ tó le jù tó ṣe rí nìyẹn. Bẹ́ǹṣì náà gùn, èrò pọ̀, nọ́ọ̀sì á pe orúkọ gbogbo ayé kí wọ́n tó pe tiwọn. Ara á máa yún un. Á dìde, á jókòó, á ka ìlà tó wà láàárín táìsì ilẹ̀, á bínú sí ẹni tó tẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ kan Alàgbà gbé ọwọ́ lé e lórúnkún.

"Ẹsẹ̀ rẹ ń gbọ̀n ju tèmi lọ. Èwo nínú wa ni wọ́n fẹ́ tọ́jú?"

Bùsúyì rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í. Ibẹ̀ ni bàbá ti bi í léèrè ilé wọn, ó sì sọ ìtàn Ìwópin fún un, aṣọ kakí, ìṣó, àti gààrí. Alàgbà fetí sí i títí dé òpin.

"Bàbá rẹ dúró de ilé iṣẹ́," ó ní. "Ilé iṣẹ́ kì í wojú ẹni. Dídúró de èèyàn yàtọ̀ síyẹn."

Ìka kékeré ẹsẹ̀ náà kò yè. Dókítà ní kí wọ́n gé e kí ìyókù lè rí ìlera. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé bàbá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, Bùsúyì àti Ìbíyẹmí jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ìbíyẹmí sọ fún un pé òun ti bínú sí i débi pé òun kò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, àti pé òun sì tún ń fetí sí gbogbo ọ̀kadà tó bá kọjá. Bùsúyì ní òun kò ní bẹ̀ ẹ́ pé kó gbàgbé. Ó ní òun á kàn wà níbẹ̀.

"Títí dìgbà wo?" ni Ìbíyẹmí béèrè.

"N kò kà á."

Ìbíyẹmí fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra. Ọwọ́ náà le, àpá gíláàsì kún inú rẹ̀. Kò fi í sílẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi jáde wá sọ pé iṣẹ́ abẹ ti parí, bàbá ti lajú, omi ló sì kọ́kọ́ béèrè.

Egbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í pa ojú dé, díẹ̀díẹ̀. Ìkórè ti kọjá lọ láìsí bàbá lórí pẹpẹ. Nígbà tí dókítà ní ó lè máa rìn, Bùsúyì padà sí ẹsẹ̀ pẹpẹ. Táìsì tó lẹ̀ pẹ̀lú ìkánjú lọ́jọ́ òjò, ó tú gbogbo rẹ̀. Ó gé tuntun lóde, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó pa sìmẹ́ńtì funfun dán, ó lẹ̀ wọ́n. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wọlé láti ojú fèrèsé, ó kan ògiri, gbogbo ilé sì di búlúù.

Ìbíyẹmí gbé ẹ̀bà dé. Àkàṣù ńlá ni, ó le, ó sì pín in sí méjì. Bùsúyì kúnlẹ̀ nínú pẹpẹ, Ìbíyẹmí kúnlẹ̀ lẹ́yìn ìdènà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹ̀bà mọ́lẹ̀. Bùsúyì láti ìdí ògiri, obìnrin náà láti ẹnu ọ̀nà. Wọn kò fo ibì kankan. Abẹ́ irin ìdènà ni ọwọ́ wọn ti pàdé.

Alàgbà Adéníran dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti bọ́ bàtà. Ìbíyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, pé dókítà ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀; bàbá gbé ọwọ́ sókè. Ó fi ọ̀pá tẹlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ tí kò pé ìka síwájú, ó gbé èkejì. Bàbá rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdènà, ó kọjá ìdènà, ó dé ẹsẹ̀ pẹpẹ, ibi tó ti tẹ gíláàsì gan-an, ó sì dúró lé e.

"Ilẹ̀ mọ́," ó ní.

Ó yíjú sí ọkùnrin tó kúnlẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n, "oníṣẹ́" ló ń pè é.

"Bùsúyì, ìgbà wo ni ìyá rẹ àti àwọn àgbà ilé yín ń bọ̀ láti Ìwópin?"

Bùsúyì gbójú wo ìlà ìsàlẹ̀ tó ṣì tutù lára ògiri. Ó wá rí i pé ẹsẹ̀ òun kò gbọ̀n.

"Kò sí ìkánjú, sà," ó ní. "Ohun tí mo lẹ̀ yìí kò tíì gbẹ. Ìgbàkígbà tí ẹ bá dá, a máa dúró."

Ìbíyẹmí dìde lẹ́yìn ìdènà, ẹ̀bà tó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí wà lọ́wọ́ rẹ̀, búlúù ilé náà sì bò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Bàbá, ẹ má dá a lóhùn," ó ní. "Ẹ ní kí wọ́n wá lọ́jọ́ Sátidé. Èmi ni mo ń kánjú."